Ìdánwò Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀

Bí Dókítà Thornton Whitcomb bá fẹ́ sín, Ìyáàfin Peaslee gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ó wà nínú ìwé òfin ọ́fíìsì, ojú ewé kẹrin: "Ní gbogbo àsìkò òtútù, kí akọ̀wé má ṣe jìnnà sí Alábòójútó Àgbà, kí aṣọ ìnujú mímọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀." Àsìkò òtútù ní òkè Vermont máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń parí. Ẹ wá fojú inú wo ẹsẹ̀ Ìyáàfin Peaslee.

Dókítà yìí ni Alábòójútó Àgbà fún ẹ̀kọ́ ní ìlú kéékèèké mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ ara òkè bí ewúrẹ́. Bí ẹ bá kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, tí ẹ fi ajá wọn kún wọn, wọn ò lè kún ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, ẹ ó rò pé ó ní ọmọ ogun lẹ́yìn odò. "Àgbègbè ìṣàkóso mi," ni ó máa ń wí, á wá na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, níbi tí màlúù méjì ti ń wò ó.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ó fi jẹ́ dókítà. Nígbà kan tí ọ̀kan nínú àwọn màlúù náà ń rọbí létí títì, wọ́n sáré wá pè é.

"Irú dókítà bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mí," ni ó wí.

"Irú èwo wá ni yín, sà?"

"Àlàyé rẹ̀ gùn."

Màlúù ò lè dúró gbọ́ àlàyé. Ó bí ọmọ rẹ̀.

Ní gbogbo òwúrọ̀ Mọ́ńdé, Ìyáàfin Peaslee á gbọn agogo idẹ kékeré kan ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé, àwọn olùkọ́ á dìde, Dókítà á wọlé pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ń ṣílé tuntun. Iṣẹ́ olùkọ́ tó bá jókòó sẹ́yìn jùlọ ni láti kígbe pé, "Ẹ káàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ wa!" Nítorí náà, àwọn olùkọ́ a máa dé sí ìpàdé náà ní kùtùkùtù, kí ìjókòó ẹ̀yìn má bàa kàn wọ́n. Dókítà rí i bí wọ́n ṣe ń tètè dé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìfẹ́ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí agogo, kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Òfin kan wà ní ìpínlẹ̀ Vermont, òfin tó rọrùn bí omi mímu: bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bá kọ́ nǹkan gidi níta kíláàsì, ìbáà ṣe lóko, ìbáà ṣe ní ilé iṣẹ́, ìbáà ṣe lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, tí olùkọ́ rẹ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i pé ó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fún un ní kírẹ́díìtì tí yóò fi jáde. Ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tó bá rọrùn máa ń yọ Dókítà Whitcomb lẹ́nu bí òkúta inú bàtà. Oṣù kìíní tó débẹ̀ ni ó ṣe Fọ́ọ̀mù Kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ má wá àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù. Wọn ò sí. Ojú ewé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ní, ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ méjì wá. Bàbà ni wọ́n, wọ́n tóbi bí dónọ́ọ̀tì. Ọ̀kan kọ "A GBÀ Á," èkejì kọ "A KỌ̀ Ọ́." Àwòrán òkè àti àtùpà ló yí wọn ká, bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, òkè náà jọ imú Dókítà. Ó ní ọwọ́ tó ń ronú kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀, nítorí náà Ìyáàfin Peaslee ló ń lù wọ́n. Láàárín ọdún mẹ́ta, apá ọ̀tún obìnrin náà ti ki bí apá agégi. Òǹtẹ̀ "A KỌ̀ Ọ́" ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ṣì wà nínú bébà tí wọ́n fi dì í wá.

Ọmọbìnrin kan mú èdè Faransé wá, ó ń sọ ọ́ bí ẹyẹ.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Dókítà bi í.

"Ìyá mi àgbà ni, sà."

"Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀ dà?"

"Kò ní, sà. Ará Quebec ni, Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. "Ìyáàfin Peaslee."

Pàá!

Ọmọkùnrin kan tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ panápaná ìlú Tarbell, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣe, ẹ́ńjìnnì tí àwọn àgbà ti sin lọ́kàn wọn. Pàá! Dókítà ní ọkọ̀ kì í ṣe kíláàsì. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni iná ṣẹ́ yọ nínú ihò èéfín ilé Dókítà, ọkọ̀ yẹn ló sì wá pa á. Ẹ sì má pè é ní aláìmoore o: ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ó kọ ọ́ sí ọkọ̀ náà.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ títí Odette Thibault fi wọlé.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ péré kí Odette pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọmọ ìlú Tarbell ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń rùn èéfín igi àti ṣúgà. Bàbá rẹ̀ àgbà, Armand, tí ó ń pè ní Pepere, ló ń tọ́ ọ. Oje igi mépù ni wọ́n ń sè nílé wọn láti ìran dé ìran títí ó fi ń di omi ṣúgà. Ìgbà ìrúwé ọdún tó kọjá, ọjọ́ kẹta tí oje bẹ̀rẹ̀ sí í sun, Pepere yọ̀ lórí yìnyín, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Oje kì í dúró de egungun. Odette dá nìkan se gbogbo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kíláàsì sáyẹ́ǹsì sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdajì kírẹ́díìtì ni ó kù tí yóò fi jáde ní oṣù kẹfà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ nípa igbó àti igi ti gbà á fún oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà wọn pé bí kò bá jáde, kó má wulẹ̀ wá.

Ó ti kó ohun gbogbo tó mọ̀ nípa oje sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Hobart, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fún un ní máàkì tó ga jù. Òǹtẹ̀ ló kù.

"Sà, mo wá nípa ìdajì kírẹ́díìtì mi."

"Jókòó," ni Dókítà wí. "Rárá, dìde. Fọ́ọ̀mù dà?"

Ó gbé ojú ewé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kalẹ̀, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ lé e, ó gbé ìgò kékeré kan lé ìwé.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀rí ni, sà."

Dókítà ti ìka bọ inú ìgò, ó lá a, ó tún ti ìka bọ̀ ọ́. "Ẹ̀rí kì í dùn," ni ó wí. Ó tún lá a lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé. "Áà! Wo àṣìṣe. O ní omi hó ní ìwọ̀n Fahrenheit igba ó lé mẹ́sàn-án. Igba ó lé méjìlá ni omi ń hó. Ó wà nínú ìwé."

"Ti etí òkun nìyẹn, sà. Orí òkè làwa ń gbé. Tí òjò bá sì ń bọ̀, ó tún máa ń yí díẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́kọ́ se omi lásán láràárọ̀ kí n tó se oje. Ibi tí omi bá ti hó, mo máa fi méje lé e, ibẹ̀ ni oje ti jinná. Tí mo bá tẹ̀lé ìwé, á jóná."

"Ìwé ló wá ń parọ́?"

"Rárá, sà. Ìwé ò gbé òkè ni."

Ìyáàfin Peaslee húkọ́. Ó húkọ́ pẹ́.

"Ojú ewé kọkàndínlógún," ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti le. "Ta ló mójútó ọ?"

"Pepere, sà. Bàbá mi àgbà."

"Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀?"

"Ó ti ń se oje fún ọgọ́ta ọdún."

"Ìwé-ẹ̀rí ni mo bèèrè, ọjọ́ orí lo ń kà fún mi." Ó na ọwọ́ sí Ìyáàfin Peaslee. Òǹtẹ̀ ti gòkè. Àfi bí ọwọ́ Dókítà ṣe dúró sókè bí ẹ̀ka igi.

Kí ló dé? Àánú kọ́ o. Èrò kan ló wọ orí rẹ̀, ó sì bá ibẹ̀ ṣófo. Ìpàdé Ìlú Tarbell kù sí dẹ̀dẹ̀, níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn mẹ́ta tó gbà á síṣẹ́, yóò ti sọ bóyá kí ó ṣe ọdún mẹ́ta mìíràn. Bí àwòrán òun bá jáde nínú ìwé ìròyìn ṣáájú ọjọ́ náà ńkọ́, tí òun dúró sáàárín èéfín, tí òun ń dán ìmọ̀ àwọn ará oko wò?

"Ọmọdébìnrin," ni ó wí, "èmi alára ni yóò dán ọ wò. Níbi iṣẹ́ rẹ. Lọ́jọ́ Sátidé. Òfin kan péré: ẹni tí à ń dán wò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun títí olùdánwò yóò fi sọ pé ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, ó ti kùnà."

"Ṣé ẹ ó tètè sọ ọ́, sà? Torí iná—"

"Èmi ni mo mọ ìgbà tí a ń sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn mú, gbogbo igi mépù sì ń sun oje sínú ọ̀pá bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ wọ́n tí wọ́n ń sunkún. Odette ti dá iná láti ìdájí. Nínú ahéré ìse-oje, agbada irin pẹrẹsẹ kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi ń hó lórí ààrò, ọ̀pá tín-ín-rín kan láti ara táńkì sì ń da oje tútù sínú rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí èyí tó wà níbẹ̀ ṣe ń gbẹ. Pepere jókòó lórí àpótí, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ láàárín orúnkún. Aládùúgbò bíi mẹ́wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú dónọ́ọ̀tì. Wọ́n ní ìmọ̀ ló gbé àwọn wá.

Aago mẹ́sàn-án ni Dókítà dá. Aago mọ́kànlá ló dé. Ìyáàfin Peaslee tẹ̀lé e, ó gbé agogo, ó gbé òǹtẹ̀ "A KỌ̀ Ọ́," ó gbé ọ̀rọ̀ àsọyé ojú ewé mẹ́rìnlá. Obìnrin oníròyìn kan tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà.

Agogo dún. Dókítà gòkè sórí àpótí igi tó wà lẹ́bàá ọ̀pá oje, ó ṣí ẹnu. Ọ̀pá náà ń ṣe *ṣọ̀-ọ̀-ọ̀*.

"Kí ló ń pariwo?"

"Oje ni, sà, ó ń—"

"Kò lè máa sọ̀rọ̀ kí èmi náà máa sọ̀rọ̀." Ó sì na ọwọ́, ó yí ẹnu ọ̀pá náà pa.

Gbogbo aládùúgbò dẹ́kun jíjẹ dónọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa—" Odette ti gbé ẹsẹ̀.

"Ìdánwò kò tíì bẹ̀rẹ̀!"

Odette dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí kò sí mépù, ẹ fi sọ́kàn pé ọmọ ọdún márùn-ún ní Tarbell mọ ohun tí Dókítà ò mọ̀: bí iná bá ń jó lábẹ́ agbada, tí oje kò sì wọ inú rẹ̀ mọ́, ohun tó kù nínú rẹ̀ á di ṣúgà, ṣúgà á di èédú, agbada á sì là. Kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Agbada Pepere kan ṣoṣo nìyẹn, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin ènìyàn òkè!" ni Dókítà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin igi! Ẹ̀yin garawa! Kí ni ìmọ̀? Ìmọ̀ ni àtùpà. Ta ló gbé àtùpà náà? Ìtìjú ò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀." Ó dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyáàfin Peaslee pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan, torí òǹtẹ̀ wà ní èkejì. "Ojú ewé kejì. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọmọ ènìyàn ti ń kọ́ nǹkan láìgba àṣẹ..."

"Sà, oje ń lọ sílẹ̀."

"Ìdánwò kò tíì bẹ̀rẹ̀. ...láìgba àṣẹ, láìkún fọ́ọ̀mù, kí ló sì ti ibẹ̀ wá? Ogun!"

"Dókítà," ni Pepere wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀, "agbada mi wà lórí iná."

"Bàbá, ẹ ò sí nínú ètò. Ojú ewé kẹta."

Ìfófó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú agbada, ó funfun, lẹ́yìn náà ó pọ́n bí ewé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Òórùn rẹ̀ yí padà. Odette wo ọ̀pá, ó wo Dókítà, ó wo Pepere. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, agbada lọ. Pepere kò mi orí, kò sẹ́jú. Ó kàn ń wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tó mọṣẹ́.

"...nítorí náà ni mo ṣe wí pé sùúrù, sùúrù ni ìpìlẹ̀—"

Odette fò.

Ó gbá ẹnu ọ̀pá ṣí. Ó gbé garawa oje méjì tó wà nílẹ̀, ó da ọ̀kan, ó da èkejì. Ó ju ègé bọ́tà kékeré kan sí àárín ìfófó, ìfófó náà sì sùn bí ọmọ tó gba ọmú. Ó tẹ ṣíbí gígùn bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè: èyí tó wà níwájú agbada ń já lára ṣíbí náà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí etí aṣọ. Ó ti jinná. Ó fà á jáde láti ẹnu agbada sínú korobá, ó ti ẹnu náà pa. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n oje tútù tó bọ́ sínú agbada gbígbóná kì í dákẹ́. Èéfín ooru rú gbùù, ìfófó sì ta sókè, ibi tó bọ́ sí ni orí ẹni tó ga jù nílé. Nígbà tí ojú mọ́, Dókítà Whitcomb dúró lórí àpótí pẹ̀lú ìka kan lókè, ìfófó lórí rẹ̀ bíi fìlà ìgbéyàwó, ojú ewé mẹ́rìnlá sì ti lẹ̀ di ẹyọ kan. Kámẹ́rà ké *kẹ́*.

Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Dókítà tẹrí ba, títí ó fi rí i pé Odette ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

"O fọwọ́ kan nǹkan," ni ó wí.

"Sà, agbada ì bá ti là."

"O fọwọ́ kan nǹkan kí n tó ní kí o bẹ̀rẹ̀. O kùnà. Ìyáàfin Peaslee, òǹtẹ̀!"

Òǹtẹ̀ gòkè. Ó dúró lókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyáàfin Peaslee!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò dún.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Odette fi igi síná, torí oje ṣì ń bọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Èéfín," ni ó wí.

"Mo rí i," ni Pepere dáhùn. "Túsìdé ni Ìpàdé Ìlú."

"Pepere, ẹ kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Mi ò tíì rí ohun tí mo fẹ́ sọ ni. Ọjọ́ wo lo ń pé méjìdínlógún?"

"Lọ́la."

"Tó bá di Mọ́ńdé, lọ kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ láti dìbò."

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Ìpàdé Ìlú ti rí, ẹ wo gbọ̀ngàn onípákó kan, ẹ kó gbogbo ẹni tó lè dìbò sínú rẹ̀ lórí àga líle, ẹ fún ìdajì àwọn obìnrin ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n máa hun súwẹ́tà, ẹ jẹ́ kí òórùn ẹ̀wà sísè máa ti ìsàlẹ̀ ilé gòkè. Lọ́dún yìí, gbogbo wọn ló gbé ìwé ìròyìn sórí itan. Àwòrán iwájú rẹ̀ ni ẹ mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Alábòójútó Àgbà fi bí a ṣe ń se oje han àwọn ará ìlú."

Dókítà ti rí i. Ó rà á ní mẹ́wàá. Àkọlé ló kà, kò wo fìlà.

Eunice Colburn ni alága ìpàdé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó ti wa ọkọ̀ akóyìnyín ìlú rí, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bíi pé ọkọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin àtijọ́ kan ló sì ń ṣọ́: olùdìbò Tarbell nìkan ló lè sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé náà. Àlejò, bó ti wù kó tóbi tó, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìlú bá nawọ́ sókè fún un. Ìlú tó wà ní àfonífojì ni Dókítà ń gbé. Ó ní ilé Tarbell kò gba ìwé òun. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń nawọ́ fún un láìgbé ojú kúrò lára súwẹ́tà.

"Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló kàn," ni Eunice wí. "Dókítà Whitcomb, tí kì í ṣe ará ibí, fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ní àtakò?"

Dókítà ti wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ti wú ikọ́. Ojú ewé ogójì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àga kan dún lẹ́yìn. Pepere ló dìde. Abẹ́rẹ́ gbogbo dúró.

"Armand?" ni Eunice wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

"Ara mi le, Màdáámú Alága. Ìbéèrè ni. Ọ̀rọ̀ sísọ, ṣé nǹkan tí ẹ̀dá ń kọ́ ni?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Ṣé nínú kíláàsì ni Dókítà ti kọ́ ọ, àbí níta?"

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: "Ojú ewé kọkàndínlógún! Ta ló mójútó yín?"

"Ìyá wọn ló kọ́ wọn!" ni òmíràn dáhùn.

"Ìwé-ẹ̀rí màmá dà?"

"Wọ́n ní ará ibo ni?"

"Ìyẹn kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí!"

Ẹ̀rín bú débi pé abẹ́rẹ́ obìnrin kan bọ́. Dókítà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá òjò dúró. "Èmi, Alábòójútó Àgbà, mo—"

Eunice fi òòlù lu tábìlì. "Dókítà. Ìlú ò tíì dìbò. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn." Ó wò ó láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ìdánwò kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ló gòkè, wọ́n sì yọ ọ̀kan kúrò nígbà tí wọ́n rí i pé ẹni náà ń nawọ́ mú dónọ́ọ̀tì.

Ọwọ́ kan wá gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pepere.

"Orúkọ?" ni Eunice bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fi ọkọ̀ gbé ìyá ọmọ náà lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i.

"Odette Thibault. Olùdìbò Tarbell." Ó wo Pepere. "Láti àná."

"Máa wí."

"Mi ò ní pẹ́. Ìgbà ìrúwé mẹ́rin ni mo ti fi se oje. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hobart, tó mọ sáyẹ́ǹsì, ti kà á. Tí sáyẹ́ǹsì inú ẹ̀ ò bá dáa, kí n kùnà, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè kùnà torí pé mo gba agbada là. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹni tó mọ nǹkan máa yẹ ẹni tó ń kọ́ nǹkan wò. Ẹ ṣeun."

Ó jókòó.

Ẹ wo Dókítà Whitcomb nísinsìnyí. Ojú ewé ogójì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè lo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ṣí ẹnu, ó wo òòlù, ó pa ẹnu dé. Ó na ọwọ́ sí òkè, ó na ọwọ́ sí Odette, ó fi ọwọ́ méjèèjì ya àwòrán fọ́ọ̀mù nínú afẹ́fẹ́. Níkẹyìn ó yí sí Ìyáàfin Peaslee, ó ń fi ìka ta á: ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ ohun tí ẹ rí!

Ìyáàfin Peaslee dìde. Ó gbé àpò rẹ̀ sórí àga.

"Lorna Peaslee," ni ó wí. "Olùdìbò Tarbell, ọdún mọ́kànlélógójì. Dókítà ní kí n sọ ohun tí mo rí. Ohun tí mo rí ni pé Dókítà ló fọwọ́ ara ẹ̀ ti ẹnu ọ̀pá oje yẹn pa, torí pé ó ń pariwo sí i. Mo sì fẹ́ fi kún un pé òǹtẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan nìyí." Ó mú un jáde nínú àpò, ó ṣì wà nínú bébà rẹ̀. "Mo máa ń gbé e kiri, bóyá a ó bá ẹni tó yẹ pàdé. Ó ti di ọdún mẹ́ta."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àgbẹ̀ oníwàrà méjì àti obìnrin kan tó ń tún táyà ṣe, fi orí kan orí níwájú. Obìnrin náà ló dìde. Ó ní máàkì Ọ̀gbẹ́ni Hobart ni yóò dúró. Ó ní láti òní lọ, àwọn olùkọ́ ni yóò máa yẹ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò, wọn ò sì nílò ju ojú ewé kan lọ. Ó wá ní kí Dókítà má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa ọdún mẹ́ta mìíràn; èyí tó ti ṣe náà ti pọ̀ jù fún un, oṣù kẹfà ti súnmọ́.

Ìyáàfin Peaslee ya bébà lára òǹtẹ̀. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù Odette sórí tábìlì alága. Ó gbé apá rẹ̀ tó ki bí apá agégi sókè.

PÀÁ!

Ọmọ ọwọ́ kan jí, ó ké. Ní ìsàlẹ̀ ilé, ìdérí ìkòkò ẹ̀wà já bọ́.

Nígbà oúnjẹ, wọ́n da omi ṣúgà gbígbóná sórí yìnyín mímọ́ nínú àwo, wọ́n fi kùkúńbà kíkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Dókítà dá dúró nídìí fèrèsé. Odette gbé àwo kan lọ bá a.

"Ẹ jẹ ẹ́, sà," ni ó wí. "Ẹ̀rí ni."

Ó jẹ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Odette jáde ní oṣù kẹfà. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Dókítà Whitcomb wá kó ẹrù rẹ̀. Ọ́fíìsì ti ṣófo. Ìyáàfin Peaslee ti gba ìsinmi láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń wọ Odette ní aṣọ àti fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan sílẹ̀ lórí tábìlì: Fọ́ọ̀mù Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, èyí tó kẹ́yìn láyé, ó ti kọ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ dáadáa.

*Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́:* Thornton Whitcomb. *Ohun tí ó kọ́:* Bí a bá ti ẹnu ọ̀pá pa, agbada á jóná. *Ibi tí ó ti kọ́ ọ:* Níta kíláàsì. *Ẹni tí ó mójútó o:* Gbogbo ìlú Tarbell. *Ìwé-ẹ̀rí àwọn alámòójútó:* Wọn kò ní.

Ó ṣí i títí dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, tààrà láàárín, imú rẹ̀ alára sì ń wò ó láti inú òkè. "A GBÀ Á." Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dára: *Ìdajì kírẹ́díìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè padà wá ní ìgbà ìrúwé fún ìdajì tó kù.*

Dókítà ṣí àpótí ìwé rẹ̀, ó ti fọ́ọ̀mù náà bọ inú rẹ̀. Eruku àpótí náà wọ imú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fún aṣọ ìnujú bí ó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, kò sí nǹkan tó bọ́ sínú rẹ̀.

Ó sín. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mọ̀.